ABẸ́RẸ́ ẸWÀ ÀTI ẸNI TÍ Ó MÚ UN LỌ́WỌ́

Ẹ̀yin Ọba wa, ẹ̀yin ìjòyè, àti gbogbo ẹ̀yin ọ̀mọ̀ràn ìlú tí ń ka ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa lóṣooṣù, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe ṣí ojú ìwé yìí kọjá pẹ̀lú èrò pé ọ̀rọ̀ obìnrin lásán ni mo mú wá, tí kò yẹ kí ó bá ọ̀rọ̀ oyè, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ èdè jókòó pọ̀. Ọ̀rọ̀ ojú ni. Ojú ni àwọn bàbá wa sì fi ń mọ ọmọ ẹni, kí onítọ̀hún tó la ẹnu sọ orúkọ bàbá rẹ̀.

Láìpẹ́ yìí ni mo yà sí ilé kan tí wọ́n ti ń palẹ̀ ìgbéyàwó mọ́. Ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́wàá. Ìyá ìyàwó, obìnrin tí ó ti lé ní 50 ọdún, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta jókòó sí yàrá àlejò, wọ́n ń retí alábẹ́rẹ́ tí yóò tẹ́ awọ iwájú orí wọn. Nígbà tí alábẹ́rẹ́ náà dé, ọmọbìnrin tí kò ju 25 ọdún lọ ni. Ó kúnlẹ̀ kí wa dáadáa, ó tú àpò rẹ̀, ó sì to àwọn ìgò kéékèèké sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo tí wọ́n fi jẹ àkàrà tán. Mo mú ọ̀kan nínú àwọn ìgò náà wò. Èdè tí a kọ sí i lára kì í ṣe èdè tí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà lè kà. Mo bi í pé, "Ọmọ mi, ta ni ó kọ́ ọ ní iṣẹ́ yìí?" Ó ní, "Bàbá, ọjọ́ mẹ́ta ni a fi kọ́ ọ ní Èkó, wọ́n sì fún wa ní ìwé-ẹ̀rí." Mo ní, "Bí ó bá wá yíwọ́ ńkọ́, kí ni ìwọ yóò ṣe?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kò lè yíwọ́ lágbára Ọlọ́run, Bàbá."

Èmi kò bínú sí ọmọ náà, nítorí ó ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, ó sì ní ẹ̀kọ́ ilé. Ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n sùn ní òru ọjọ́ náà. Ìyá ìyàwó wo ojú mi, ó ní òun yóò dúró ná. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò dúró. Nígbà tí ọjọ́ ìgbéyàwó pé, ìpéǹpéjú ọ̀tún obìnrin náà ti wálẹ̀ bí aṣọ fèrèsé tí okùn rẹ̀ já. Awò dúdú ni ó wọ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́, àwọn ènìyàn sì rò pé oge ni ó ń ṣe. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ojú náà tó padà sí ipò rẹ̀. Àwọn kan yóò wí pé, ṣebí ó padà. Lóòótọ́ ni, ó padà. Ẹ jẹ́ kí a wá wo èyí tí kì í padà.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rán wa létí olóólà. Ìwé Ìtàn àwọn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ka àwọn ilà ojú wa lẹ́sẹẹsẹ: àbàjà, pélé, gọ̀ǹbọ́ tàbí kẹ́kẹ́, túrè, àti àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀. Ta ni ó ń kọ wọ́n? Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ní abẹ ní ilé. Ìdílé ni iṣẹ́ náà wà. Ọmọ olóólà yóò máa tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ láti kékeré, yóò di omi ìgbín mú, yóò di ọmọ tí a ń kọ nílà mú, yóò sì wo ọwọ́ bàbá rẹ̀ fún ọdún pípẹ́, kí a tó fi abẹ lé e lọ́wọ́. Gbogbo ìlú ni ó mọ agbo ilé wọn. Bí ilà bá wú, bí ó bá kẹ̀, bí ó bá wọ́, bàbá ọmọ mọ ẹnu ọ̀nà tí yóò kàn. Àwọn àgbà sọ pé títa ríro ni à ń kọlà, bí ó bá jinná tán, a di oge; ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà kò jẹ́ gbé ọmọ wọn fún àlejò tí ó ń kọjá lọ lójú ọ̀nà pé kí ó kọ ọ́ nílà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì mí gbọ́. Èmi kò wí pé kí a padà sí ilà kíkọ. Ọmọ ọwọ́ tí a ń kọ nílà kò lè sọ pé òun kọ̀, ọ̀pọ̀ ni ó sì jìyà rẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 sì ti kà á léèwọ̀ ní abala 24 pé kí ẹnikẹ́ni kọ ilà sí ọmọdé lára. Ìbéèrè tí àwọn bàbá wa máa ń béèrè kí irin tó kan ojú ni mo ń sọ. Ìbéèrè náà ni a ti sọ nù, a sì ti sọ ọ́ nù ní àkókò tí ohun tí ó wà ní ẹnu irin náà le ju abẹ olóólà lọ fíìfíì.

Nítorí kí ni ó wà nínú ìgò wọ̀nyí? Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù, tí gbogbo ayé ń pè ní Botox, oró ni. Ní nǹkan bí 1820 ni dókítà ará Jámánì kan, Justinus Kerner, ń kọ̀wé nípa àwọn tí ó jẹ ẹran inú ìfun tí ó ti bàjẹ́, tí ìpéǹpéjú wọn wálẹ̀, tí ọ̀nà ọ̀fun wọn dí, tí èémí wọn sì dáwọ́ dúró. Ní 1895, ní ilẹ̀ Belgium, Émile van Ermengem rí kòkòrò àìfojúrí tí ń pèsè oró náà. Ohun tí oró yìí ń ṣe ni pé ó ń dí ẹnu iṣan tí ń gbé àṣẹ wá fún ẹran ara; bí àṣẹ kò bá dé, ẹran náà kò lè súnkì. Alan Scott, dókítà ojú ní San Francisco, ni ó rò ó pé bí a bá fi ìwọ̀n tí ó kéré gan-an sínú ẹran tí ń fa ẹyinjú sí ẹ̀gbẹ́, ojú tí ó dà lè tọ́. Ó rí bẹ́ẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà sì fi àṣẹ sí i ní 1989. Lẹ́yìn èyí ni tọkọtaya kan ní Vancouver, Jean Carruthers tí ó jẹ́ dókítà ojú àti Alastair Carruthers tí ó jẹ́ dókítà awọ, ṣàkíyèsí pé àwọn tí a ń fún ní abẹ́rẹ́ yìí nítorí ojú, iwájú orí wọn ń tẹ́jú. Wọ́n kọ ọ́ jáde ní 1992, ní 2002 ni Amẹ́ríkà sì gbà á láyè fún ìhunjọ tí ó wà láàárín ìpéǹpéjú méjèèjì. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ni agbára rẹ̀ máa ń gbé lára.

Ẹ rí i pé àwọn tí ó ṣe àwárí rẹ̀ mọ ojú ènìyàn ju bí àgbẹ̀ ti mọ oko rẹ̀ lọ. Wọ́n mọ ibi tí ẹran kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó dé. Bí abẹ́rẹ́ bá yẹ̀ díẹ̀, tàbí tí oògùn náà bá ṣàn, ẹran tí ń gbé ìpéǹpéjú sókè ni yóò sùn, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ ìyá ìyàwó. Ìyẹ̀fun gbígbẹ ni oògùn náà máa ń wà nínú ìgò, omi iyọ̀ tí ó mọ́ ni a fi ń pò ó, ẹni tí ó bá sì ṣi ìwọ̀n omi ti ṣi ìwọ̀n oró. Inú òtútù ni a ń pa á mọ́, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8. Níbo ni òtútù yìí wà nínú àpò ọmọbìnrin tí ó wọ ọkọ̀ èrò láti Èkó? Àwa tí iná mànàmáná ń mú wá tí ó sì ń mú lọ, a mọ ohun tí fíríìjì wa máa ń dà ní ọjọ́ kẹta.

Irú kejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní filler, tí a ń fi kún ẹ̀rẹ̀kẹ́, ètè tàbí imú. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀ jọ ohun kan tí Ọlọ́run ti fi sínú awọ wa tẹ́lẹ̀, nítorí náà ni àwọn tí ń tà á fi ń wí pé kò léwu. Ẹ kíyè sí i. Bí abẹ́rẹ́ bá wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ, tí ohun náà sì dí i, awọ tí iṣan náà ń bọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Yóò kọ́kọ́ funfun, lẹ́yìn náà yóò dúdú. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀bá imú tàbí láàárín ìpéǹpéjú, ó lè gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ dé ẹ̀yìn ẹyinjú, kí onítọ̀hún fọ́ lójú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Irú ìfọ́jú bẹ́ẹ̀ kì í sábà padà. Oògùn kan wà tí ń tú filler yìí, hyaluronidase ni orúkọ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wà ní àrọ́wọ́tó, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò sì gbọ́dọ̀ lò ó kíákíá. Ní ti èmi, ẹni tí kò bá ní oògùn ìtú yìí nínú ilé kò yẹ kí ó ní filler nínú ilé rárá.

Ẹ̀tàn pé ohun tí a tì sábẹ́ awọ yóò dúró síbi tí a fi í sí kì í ṣe tuntun. Ní 1899, ní Vienna, Robert Gersuny bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ ti irú òróró tí a ń pè ní fasilíìnì sábẹ́ awọ. Kò pẹ́ tí ìda párááfínì di àṣà àwọn ọlọ́rọ̀ ilẹ̀ Òyìnbó fún imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìda náà sì ń rìn, ó ń di kókó, ó ń di egbò. Nígbà tí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀, sílíkóònì olómi ni ó tẹ̀ lé e, èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà kò fi àṣẹ sí rí pé kí a fi tún ìdí tàbí ọmú ṣe. Ní oṣù kejì ọdún 2011, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Philadelphia. Nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì ni obìnrin kan tí kò kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn rí ti fún un ní abẹ́rẹ́ sílíkóònì sí ìdí. Ọmọ náà kú. Ní 2015 ni ilé ẹjọ́ dá obìnrin náà lẹ́bi ìpànìyàn. Ó dùn mí pé a kà á nínú ìròyìn nígbà náà, a kígbe "Háà!", a sì ṣí ojú ìwé kejì.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní ọmọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a sì máa ń rò pé ohun tí a bá ṣe níbẹ̀ kò lè ní àbùkù. Ní 2013, ìgbìmọ̀ tí Sir Bruce Keogh ṣe olórí rẹ̀ jábọ̀ fún ìjọba wọn pé ẹni tí ó gba irú abẹ́rẹ́ wọ̀nyí kò ní ààbò ju ẹni tí ó ra gègé ìkọ̀wé tàbí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lọ. Ọdún mẹ́jọ kọjá kí òfin tó dé, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2021, tí ó sọ pé ní England ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé 18 ọdún ní Botox tàbí filler nítorí ẹwà. Ní 2022 ni òfin mìíràn fún ìjọba wọn ní agbára láti máa fún àwọn alábẹ́rẹ́ ní ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà àti oṣù keje 2025, àwọn aláṣẹ ìlera wọn kéde pé ó lé ní 30 ènìyàn tí àìsàn oró bótúlínù mú lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ẹwà, àìsàn kan náà tí Kerner kọ̀wé nípa rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wí fún yín pé "láti Lọ́ńdọ̀nù ni oògùn mi ti wá" kò tíì dáhùn ìbéèrè kankan.

Kí ni kí a wá béèrè nílé níbí? Ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àkóso iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà, MDCN, ní ìwé orúkọ. Dókítà tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa gba ìwé àṣẹ tuntun lọ́dọọdún. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ ti ọdún yìí. Kì í ṣe àfojúdi. Agbẹjọ́rò kì í bínú bí a bá béèrè ibi tí ó ti kà ìwé. Lẹ́yìn èyí, ẹ tún béèrè ohun tí dókítà náà kọ́ ní pàtó, nítorí dókítà tí ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ gbẹ̀bí kò mọ ojú ènìyàn ju bí mo ti mọ̀ ọ́n lọ. Dókítà awọ tàbí oníṣẹ́-abẹ atúnraṣe, tí ó ti yege nínú ìdánwò àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àgbà oníṣègùn ilẹ̀ wa tàbí ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ni ó sún mọ́ ohun tí a ń wá. Ìgò oògùn gbọ́dọ̀ ní nọ́ḿbà NAFDAC, ojú ẹni tí yóò gba abẹ́rẹ́ ni kí a sì ti já èdìdì rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, àjọ tí ń jẹ́ HEFAMAA ni ó ń forúkọ ilé ìtọ́jú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìbéèrè kan ṣoṣo ni ààyè wà fún, èyí tí mo bi ọmọbìnrin yẹn ni kí ẹ bi í: bí ó bá yíwọ́ ńkọ́? Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò dáhùn ní gígùn, yóò tilẹ̀ dẹ́rù bà yín díẹ̀. Yóò béèrè bí ẹ bá lóyún, bí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Nígbà mìíràn yóò wí pé, "Màmá, ẹ kò nílò rẹ̀," yóò sì dá owó yín padà.

Ní ti abẹ́rẹ́ tàbí omi ìfàsára tí wọ́n fi ń bó awọ, tí wọ́n ń pè ní glutathione, èmi kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àjọ oògùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò fi àṣẹ sí abẹ́rẹ́ kankan tí ń sọ awọ di funfun, ti ilẹ̀ Philippines sì ti kìlọ̀ pé ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kì í tà á, nítorí náà kò sí ẹni tí a ó máa yàn.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa yóò wí pé kí a fi òfin de gbogbo rẹ̀, pé ìwà ni ẹwà. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n èmi kò gbà. Àwọn ìyá wa lé tìróò, wọ́n kun osùn, wọ́n fín kóló sí apá; ọmọge tí kò ní èéjí a máa wá ẹni tí yóò dá a sí i lẹ́nu. Oge kò ti ọ̀dọ̀ Òyìnbó wá bá wa. Oró kan náà yìí sì ni dókítà fi ń wo ọrùn tí ó wọ́ àti orí fífọ́ tí kò gbóògùn. Bí a bá fi òfin dè é, inú yàrá òtẹ́ẹ̀lì ni yóò sá lọ. Àwọn mìíràn yóò wí pé owó dókítà ti pọ̀ jù. Aṣọ ẹbí tí a rà fún ìgbéyàwó yẹn, ẹ jẹ́ kí n má ṣe sọ iye rẹ̀ níhìn-ín, kí ìyàwó tèmi má baà kà á.

Ohun tí ó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni ìbòmọ́lẹ̀. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ìdílé a ní àìsàn ránpẹ́ ni. A ó sin òkú, a ó ṣe ìnáwó, alábẹ́rẹ́ yóò sì gba àdúgbò mìíràn lọ. Àwọn bàbá wa kò bo olóólà tí ó ba ojú ọmọ jẹ́. Mo ń bẹ ẹ̀yin ìjòyè wa, pàápàá àwọn Ìyálóde, kí ẹ pe àwọn ìyá ẹgbẹ́ onídìrí jọ ní ìlú kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bá wọn sọ ọ́ pé ilé ìdìrí kì í ṣe ilé abẹ́rẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ó di mímọ̀ pé ẹni tí a bá ṣe ní jàǹbá lè mú ẹjọ́ rẹ̀ wá sí ààfin láìsí ìtìjú, kí a tó bá a gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ ìjọba. Ẹgbẹ́ wa náà lè tẹ àwọn ìbéèrè wọ̀nyí sórí ìwé pélébé, kí a sì pín in ní ibi ìgbéyàwó. Owó rẹ̀ kò tó ti ike àti abẹ̀bẹ̀ tí à ń pín níbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ìyá ìyàwó tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ránṣẹ́ sí mi. Ó ní òun kò tíì fi ọ̀rọ̀ iwájú orí òun sílẹ̀ o. Òun ti gbọ́ nípa dókítà awọ kan ní Ìbàdàn, kí n jọ̀wọ́ kọ ohun tí òun yóò bi í fún òun. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìpè ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, mo sì fi rán ọmọ mi sí i.